Káàdì Kan Tó Ti Sọnù

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìdáhùn kan tí mo fún àbúrò mi obìnrin ti ń jẹ mí lọ́kàn. Mi ò bú u, mi ò sì mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ fún un. Iṣẹ́ ilé ìṣirò ló gbé wá: báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ bóyá ìṣẹ̀lẹ̀ méjì dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nínú ẹ̀kọ́ ìṣeéṣe tí wọ́n ń kọ́ wọn. Mo wà nídìí fóònù, mi ò tilẹ̀ gbójú sókè. Mo ní, "Bí ọ̀kan ò bá ti ní nǹkan ṣe pẹ̀lú èkejì, wọ́n dá dúró nìyẹn."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Bọ̀dá mi, báwo lẹ ṣe máa ń mọ̀ pé wọn ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ara wọn?"

"Wàá wò ó ni."

"Kí n máa wo kí ni?"

Mo ní kó jẹ́ kí n parí ohun tí mò ń ṣe. Ó lọ, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn ò bá a lọ.

Àwọn tí kì í pàdé

Lọ́jọ́ kejì, ó padà wá pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Ó ti fi ìmọ̀ràn mi ṣiṣẹ́. Wọ́n ní wọ́n ju dáìsì kan lẹ́ẹ̀kan péré. Ìṣẹ̀lẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí 2 jáde, ìkejì ni kí 5 jáde. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n dá dúró, "nítorí pé wọn kì í pàdé." Mo wò ó, mo ní ó dáa.

Ìgbà tí mo dùbúlẹ̀ lálẹ́ ni nǹkan tó gún mi. Bí ẹnì kan bá ju dáìsì yẹn ní yàrá kejì, tó sì kígbe sí mi pé "5 ló jáde," ṣé mo tún lè máa retí 2? Kí n tó gbọ́ igbe rẹ̀, ìṣeéṣe 2 jẹ́ 1 nínú 6. Bí mo ṣe gbọ́ ọ báyìí, ó di òfo. Ìròyìn wo ló tún lè yí nǹkan padà ju ìyẹn lọ? Ìṣẹ̀lẹ̀ méjì tí kì í pàdé kò yàtọ̀ sí ọ̀tá méjì. Ọ̀tá sì máa ń mọ ìrìn ọ̀tá rẹ̀ dáadáa: bí o bá ti rí ọ̀kan nínú ilé, o ti mọ̀ pé èkejì kò sí níbẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí àbúrò mi pè ní ìdádúró gan-an ni ìsopọ̀ tó le jù lọ. (Àfi bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ ohun tí ìṣeéṣe rẹ̀ jẹ́ òfo tẹ́lẹ̀, bíi kí dáìsì olójú mẹ́fà gbé 9 jáde. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn lè lọ fi ìyẹn ṣeré.) Èmi ni mo sì fọwọ́ sí i. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù ni pé mi ò rí ìdáhùn tó dáa fi rọ́pò rẹ̀. Bí "wò ó" kò bá tó, kí ló tó?

Orí tábìlì

Nígbà tó di òpin ọ̀sẹ̀ kẹta, mo pinnu pé màá tún ọ̀rọ̀ náà ṣe níṣojú rẹ̀. Mo wá páálí káàdì kan jáde, èyí tó ti pẹ́ débi pé etí àwọn káàdì inú rẹ̀ ti ká, mo sì pè é sídìí tábìlì. Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ lò kì í ṣe tuntun. Kéèyàn fa káàdì kan yọ láìwò: ìṣẹ̀lẹ̀ àkọ́kọ́, kó jẹ́ éèsì, ìyẹn àwọn tí lẹ́tà A wà lára wọn, ìkejì, kó jẹ́ ọkàn, ìyẹn àwọn tí àwòrán ọkàn pupa wà lára wọn. Gbogbo káàdì jẹ́ 52. Éèsì jẹ́ 4, ọkàn jẹ́ 13, ẹyọ kan ṣoṣo ló sì jẹ́ éèsì tó tún jẹ́ ọkàn. Òfin inú ìwé rẹ̀ ni pé kí á sọ ìṣeéṣe ti àkọ́kọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ìṣeéṣe ti ìkejì. Bí ohun tó jáde bá dọ́gba pẹ̀lú ìṣeéṣe kí méjèèjì ṣẹlẹ̀ pọ̀, wọ́n dá dúró. Bí kò bá dọ́gba, wọn ò dá dúró. 4 nínú 52 lọ́nà 13 nínú 52 jẹ́ 1 nínú 52 géérégé. Ó dọ́gba.

Mo ní kí á tò wọ́n kí ojú náà lè rí i. Ìlà 4, àmì kọ̀ọ̀kan (ọkàn, dáyámọ́ǹdì, kílọ́bù àti spéèdì) ní ìlà tirẹ̀; òpó 13, láti éèsì títí dé ọba. Éèsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tò lọ ní òpó àkọ́kọ́, ọ̀kan lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. "Ṣé o rí i? Ìlà yòówù kí wọ́n sọ fún ẹ pé káàdì náà ti wá, éèsì 1 ló wà nínú 13. Gbogbo tábìlì ńkọ́? 4 nínú 52, tó jẹ́ 1 nínú 13 náà. Kí wọ́n sọ ìlà fún ẹ, kí wọ́n má sọ ọ́, bákan náà ni."

Inú mi ń dùn sí ara mi lọ nígbà tó nawọ́ sí ìlà tó wà nísàlẹ̀. "Ihò wà níbí o."

Lóòótọ́, ní ìlà spéèdì, láàárín éèsì àti 3, pákó tábìlì ló ń wò wá. 2 ti sọnù. Mo wo inú páálí, mo wo abẹ́ tábìlì, mo gbé ìrọ̀rí àga. Kò sí. Mo ní kò ṣe nǹkan kan. 2 spéèdì kì í ṣe éèsì, kì í ṣe ọkàn, kò kan ọ̀rọ̀ tí à ń sọ. Ẹ ò rí i bí "wò ó" tún ṣe gba ẹnu mi jáde lẹ́ẹ̀kejì?

Kò dá mi lóhùn. Ó mú bírò, ó ṣírò díẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀, ó fa ìlà sí i nídìí, ó tún un ṣírò. "Bọ̀dá mi, kò dọ́gba mọ́."

Mo gba ìwé náà. Káàdì ti di 51. Éèsì ṣì jẹ́ 4, ọkàn ṣì jẹ́ 13. 4 nínú 51 lọ́nà 13 nínú 51 jẹ́ 52 nínú 2,601. Éèsì ọkàn fúnra rẹ̀ jẹ́ 1 nínú 51, èyí tó jẹ́ 51 nínú 2,601. Ẹyọ kan ló fi yàtọ̀. Ẹyọ kan nínú 2,601! Kò sí atatẹ́tẹ́ tó lè fi ìyẹn là. Ṣùgbọ́n "ó dọ́gba" ló wà nínú òfin yẹn. Kò sí "ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba" níbẹ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ méjì tó dá dúró nígbà tí mo jókòó kò dá dúró mọ́ kí n tó dìde, nítorí káàdì kan tí kò sí nínú ọ̀kankan nínú wọn, tí kò tilẹ̀ sí lórí tábìlì.

Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. A jọ wá ìdí yẹn títí a fi rí i, inú ìlà tí ihò wà gan-an ló sì wà. Ìlà spéèdì ti ku káàdì 12, éèsì sì ṣì wà nínú rẹ̀, ìyẹn 1 nínú 12. Ìlà yẹn ti wá sàn fún ẹni tó ń wá éèsì ju àwọn yòókù lọ. Ìlà ọkàn dúró síbi tó wà, 1 nínú 13. Ṣùgbọ́n gbogbo tábìlì ti sún sókè díẹ̀, ó ti di 4 nínú 51. Bí wọ́n bá sọ fún mi báyìí pé "ọkàn ni káàdì tó wà lọ́wọ́ rẹ," ìròyìn burúkú ni fún mi, bó ti wù kó kéré tó: mo bọ́ láti nǹkan bí 0.0784 sí nǹkan bí 0.0769. Ọkàn kò ṣe nǹkan kan o. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ló yí padà.

Ibi tí ojú ti tàn wá jẹ

Láti ọjọ́ náà ni mo ti jáwọ́ nínú bíbéèrè pé "ṣé wọ́n ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ara wọn?" Ìbéèrè nípa ìbátan nìyẹn, bíi pé ìṣẹ̀lẹ̀ ní okùn lọ́rùn tí a lè fojú tọ̀. Ohun tí mo ń bi ara mi báyìí ni pé: bí mo bá gbọ́ pé ọ̀kan ti ṣẹlẹ̀, ṣé ó yẹ kí n yí ìrètí mi padà nípa èkejì? Ọ̀rọ̀ ìròyìn ni, ọ̀rọ̀ iye sì ni. Abraham de Moivre, tó kọ̀wé lórí ìmọ̀ yìí ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ṣàlàyé rẹ̀ pé kí ṣíṣẹlẹ̀ ọ̀kan má ti èkejì síwájú, kó má sì dí i lọ́wọ́. Àlàyé tó dùn ún gbọ́ ni, àmọ́ ó ṣì ń fi ojú inú wá okùn. Nígbà tí Andrey Kolmogorov fi ìpìlẹ̀ ìmọ̀ náà lélẹ̀ lọ́dún 1933, ìsọdipúpọ̀ yẹn nìkan ló mú. Bó dọ́gba, ó dọ́gba.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà ló tún yà mí lẹ́nu. Káàdì ti fi hàn pé ohun tó jọ pé kò so pọ̀ lè so pọ̀. Ṣé ohun tó so pọ̀ lójú gbogbo ayé náà lè dá dúró? Ẹ ju dáìsì méjì, ẹ ro iye wọn pọ̀. Àpapọ̀ yẹn, lára dáìsì àkọ́kọ́ ni wọ́n ti bù ú. Ta ló máa sọ pé ó dá dúró sí i? Ẹ mú kí àpapọ̀ jẹ́ 6. Ọ̀nà 5 ló wà nínú 36. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ fún yín pé dáìsì àkọ́kọ́ gbé 4, ó di 1 nínú 6, tó ju 5 nínú 36 lọ. Bí mo bá ní 6 ló gbé, ọ̀rọ̀ ti parí, kò lè ṣẹlẹ̀ mọ́. Wọn ò dá dúró, gẹ́gẹ́ bí ojú ti sọ.

Ó dáa, ẹ mú kí àpapọ̀ jẹ́ 7. Ọ̀nà 6 nínú 36, ìyẹn 1 nínú 6. Mo wá sọ fún yín pé dáìsì àkọ́kọ́ gbé 4. Ẹ nílò 3 lórí èkejì, 1 nínú 6. Mo ní 6 ló gbé. Ẹ nílò 1, 1 nínú 6. Mo ní 1 ló gbé. Ẹ nílò 6. Ohun yòówù tí mo bá sọ, ojú kan ṣoṣo lẹ ń wá lára dáìsì kejì, ẹ kò jèrè nǹkan kan nínú òfófó mi. Àpapọ̀ 7 dá dúró sí ohun tí dáìsì àkọ́kọ́ gbé, dáìsì yẹn kan náà tó jẹ́ ìdajì ara rẹ̀. Ìyàtọ̀ 6 sí 7 péré ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Bí a bá fara balẹ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè rí i.

Kí n má gbàgbé ti ẹni mẹ́ta. Ẹ ju owó ẹyọ méjì. Ìṣẹ̀lẹ̀ kìíní: orí jáde lára ti àkọ́kọ́. Ìkejì: orí jáde lára ti èkejì. Ìkẹta: ojú kan náà ni àwọn méjèèjì gbé. Ẹ mú méjì èyíkéyìí nínú wọn, wọ́n dá dúró sí ara wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti mọ méjì, ẹ ti mọ ìkẹta láìbéèrè. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kì í tú àṣírí ẹnì kejì. Àfi bí ẹni méjì bá pàdé ni àṣírí ẹni kẹta tó tú. Nítorí náà, ẹni tó yẹ nǹkan wò ní méjì-méjì kò tíì yẹ gbogbo rẹ̀ wò.

Nígbà tí ìsọdipúpọ̀ dé ilé ẹjọ́

Ká ní orí káàdì àti dáìsì ni ọ̀rọ̀ yìí mọ, kì bá má gbà mí lóorun. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni bí ó ṣe rọrùn tó láti sọ ìṣeéṣe méjì di púpọ̀ láìbéèrè bóyá a lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Lọ́dún 1964, ní agbègbè Los Angeles ní Amẹ́ríkà, wọ́n ja ìyá àgbàlagbà kan lólè. Àwọn ẹlẹ́rìí ní obìnrin onírun aláwọ̀ wúrà kan, tó di irun rẹ̀ sẹ́yìn bí ìrù ẹṣin, ló sá wọ ọkọ̀ aláwọ̀ ìyeyè tí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ní irùngbọ̀n àti irun òkè ètè wà nídìí rẹ̀. Wọ́n mú tọkọtaya kan. Agbẹjọ́rò ìjọba wá fi iye sí ohun kọ̀ọ̀kan láti orí ara rẹ̀: irun òkè ètè, 1 nínú 4, irùngbọ̀n, 1 nínú 10, ọkọ̀ ìyeyè, 1 nínú 10, ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ di púpọ̀, ó bọ́ sí 1 nínú 12,000,000. Ẹ dúró síbi irùngbọ̀n yẹn ná. Mélòó nínú àwọn ọkùnrin tó dá irùngbọ̀n sí ni kì í ní irun òkè ètè? Ẹni tó ti sọ fún mi pé ọkùnrin kan ní irùngbọ̀n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ èkejì fún mi tán, ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò kà á bí àjèjì méjì. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ California fagi lé ìdájọ́ náà lọ́dún 1968, ìṣirò yìí sì wà lára ohun tí wọ́n bẹnu àtẹ́ lù.

Ti Sally Clark ló mú mi sunkún. Agbẹjọ́rò ni òun náà, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọwọ́ rẹ̀ méjì kú, ọ̀kan lọ́dún 1996, èkejì lọ́dún 1998, wọ́n sì fẹ̀sùn kàn án pé òun ló pa wọ́n. Nígbà ẹjọ́ rẹ̀ lọ́dún 1999, dókítà ọmọdé kan tó lókìkí, Roy Meadow, jẹ́rìí pé nínú irú ìdílé tiwọn, ìṣeéṣe kí ọmọ kú ikú òjijì lójú oorun jẹ́ 1 nínú 8,543. Kí méjì kú bẹ́ẹ̀ ńkọ́? 8,543 lọ́nà 8,543: nǹkan bí 1 nínú mílíọ̀nù 73. Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n gbére fún ìyá náà.

Ẹ jẹ́ kí á bi ìsọdipúpọ̀ yẹn ní ìbéèrè àbúrò mi. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé wọn ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ara wọn? Ìyá kan náà, bàbá kan náà, ẹ̀jẹ̀ kan náà, afẹ́fẹ́ ilé kan náà. Bí ohun kan bá wà nínú ara ìdílé tàbí nínú ilé tó pa ọmọ àkọ́kọ́, ó ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀ de èkejì. Ikú àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀ jẹ́ ìròyìn, ó yẹ kó gbé ìbẹ̀rù ikú kejì sókè. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò ìwífún, Royal Statistical Society, sọ ọ́ ní gbangba lọ́dún 2001 pé iye mílíọ̀nù 73 yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. (Àléébù mìíràn tún wà níbẹ̀: bí irú ikú méjì bẹ́ẹ̀ bá tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ìyá tó pa ọmọ méjì náà ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n ìyẹn tó kókó ọ̀rọ̀ mìíràn.) Lọ́dún 2003 ni wọ́n dá a sílẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n rí i pé èsì àyẹ̀wò kan nípa ọmọ kejì wà tí wọn kò fi han àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀. Ó kú lọ́dún 2007.

Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé dókítà yẹn kò burú ju èmi lọ nídìí fóònù mi. Ó wò ó ni. Ikú méjì, ọdún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọmọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó jọ pé ọ̀kan ò kan èkejì.

A tún máa ń ṣe òdìkejì rẹ̀. Ní ilé tẹ́tẹ́ Monte Carlo, lóṣù kẹjọ ọdún 1913, bọ́ọ̀lù rúlẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n máa ń jù sínú àgbá tó ń yí kó lè bọ́ sórí dúdú tàbí pupa, bọ́ sórí dúdú nígbà 26 léraléra. Àwọn ènìyàn ń da owó sórí pupa, wọ́n ní ó ti tó àsìkò rẹ̀, wọ́n sì pàdánù rẹpẹtẹ. Bọ́ọ̀lù kì í rántí àná. Ṣùgbọ́n kí n jẹ́wọ́: ká ní mo wà níbẹ̀, tó bá fi máa di ìgbà ogún, mi ò ní fowó sórí pupa, ṣùgbọ́n màá kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹ àgbá rúlẹ́ẹ̀tì náà wò. Ìdádúró yẹn, àwa la fún un. Àgbá tí ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lè gbà á padà.

Káàdì mẹ́ta

Mo sọ gbogbo èyí fún àbúrò mi, ó kéré tán mo sọ ti dáìsì fún un. Ó gbọ́, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ 2 spéèdì. "Bọ̀dá mi, ṣé kò sí bí a ṣe lè mú kí éèsì àti ọkàn tún dá dúró, láì rí i?"

Mo ní kò sí. Mo ní a máa ra òmíràn.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ó pè mí sídìí tábìlì. Ó ti to gbogbo káàdì padà, ṣùgbọ́n ó ti yọ mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: 7 ọkàn, àti kílọ́bù méjì. Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo rò pé mo mọ ohun tó fẹ́ ṣe, pé ó fẹ́ kí ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Mo ní, "O ṣì í. Ọ̀kan-ọ̀kan ló yẹ kí o yọ, ọkàn kan, kílọ́bù kan, dáyámọ́ǹdì kan, kí ìlà kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ 12. Wo dáyámọ́ǹdì, ó ṣì jẹ́ 13. Kílọ́bù ti di 11. Wò ó bí tábìlì ṣe rí jágajàga."

"Ẹ kà á."

Mo kà á. Káàdì 48. Éèsì 4. Ọkàn 12. Ihò wà lókè, ihò wà nísàlẹ̀, ìlà kan gùn, ìlà kan kúrú. Mo la ẹnu láti sọ pé kò lè ṣeé ṣe. Mo tún pa á dé. Mo ní kó fún mi ní bírò.